Bàtà Lábẹ́ Sùtánà

Iṣẹ́ bàtà rírán ni mo fi tọ́ ọmọ, síbẹ̀ obìnrin tí mo lọ fẹ́, Ọlọ́run rẹ̀ kò fẹ́ rí bàtà sójú. Ẹ fara balẹ̀, n kò bú ẹnikẹ́ni. Aládùúrà ni ìyàwó mi, ìjọ aláṣọ funfun, àwọn tó máa ń wọ sùtánà tó balẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí dé ilé àdúrà, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà máa yan títì bí ẹni yan ẹ̀pà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo wò, mo ní oníbàárà dé. Mo rán bàtà kan fún un tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́, yóò ti kọjú sí ọ̀nà ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí pẹpẹ bí ẹni gbé àwo. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ lásán ló bá lọ. Bí a ṣe fẹ́ra wa nìyẹn.

Ìgàndó ni à ń gbé. Kíláàsì kẹrin ni mo kàwé dé kí ìwé àti èmi tó jà, nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi fi òòlù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ pé mo máa ń fi iyọ̀ sọ́rọ̀. Mo ti sọ fún wọn pé mo rán bàtà fún erin kan rí, pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo wọ̀n, erin náà sì padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹ̀kẹrin há òun. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni, àyàfi ibi tí ejò bá ti wọ̀ ọ́.

Ọmọ wa obìnrin ń ṣe tíṣà lọ́hùn-ún ní Èkìtì. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Obìnrin ni àbúrò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ awọ rí ni ọ̀rọ̀ wọn lè yé. Awọ kan wà, bí o bá ti rẹ ẹ́ sómi, ó ti rọ̀. Igi ẹsẹ̀ yòówù tí a fi ń mọ bàtà tí o bá fà á bò, ìrísí igi náà ni yóò gbà. Òmíràn wà, wàá rẹ ẹ́ títí omi yóò fi sú u, líle ló le. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ni yóò bẹ̀ ẹ́.

Ọmọkùnrin yẹn, ohùn mẹ́rin ló ní. Èyí tó fi ń kí ìyá rẹ̀ àgbà, Èkìtì pọ́ńbélé ni, bí ẹni tí wọ́n bí sí ìdí òkè. Èyí tó fi ń bá tíṣà sọ̀rọ̀, imú ló ń gbà jáde. Èyí tó fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìkọ̀tún, n kò gbọ́ ju “gáì, gáì” lọ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀, tó rò pé omi ò jẹ́ ká gbọ́. Ó rọra máa ń lọ ni, ẹ̀rín wà nídìí rẹ̀. Ìyẹn ló dùn jù lọ, ìyẹn ni kò sì jẹ́ gbé jáde.

Ohùn kan ṣoṣo ni àbúrò rẹ̀ ní. Bó ṣe ń bá ewúrẹ́ wí náà ló ń bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Bó bá wọ sùtánà rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn ọmọ ìta ń pariwo pé, “Aláṣọ funfun, bàtà ẹ dà?” yóò dúró, yóò wò wọ́n láti òkè délẹ̀, yóò ní, “Mo yá ẹ ní Kérésì tó kọjá, o ò tíì dá a padà.” Yóò sì máa lọ lórí ẹsẹ̀ lásán, bí ìyàwó ọba.

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe, àṣé ojú mi ò tíì ríran.

Ní Ọjọ́rú kan, ọjọ́ ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ wọn, mo lọ ra gọ́ọ̀mù àti awọ ní Ìkọ̀tún. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo rí ẹnì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, ó ń bọ́ sùtánà gba orí. Aṣọ funfun náà há mọ́ ọn lórí, ó ń jà bí adìẹ tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ dé. Nígbà tí orí máa yọ, ọmọ wa ni. Ṣòkòtò tó ya lórúnkún ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ká sùtánà náà dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ká a bí ẹni ká ìwé ilẹ̀, ó fi sínú báàgì, ó sì yọ kánfáàsì funfun kan jáde, ó fi sẹ́sẹ̀. Èmi gan-an ni mo lẹ ìdí kánfáàsì náà. Ó bọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké gàà, ọ̀kan gbá a lẹ́yìn, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín yẹn, a ò gbọ́ irú rẹ̀ nílé wa rí.

Mo rọra gba ẹ̀yìn kíósì kan kọjá. Kí ni kí n wí? Èmi tí mò ń parọ́ mọ́ erin, kí ni mo fẹ́ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ?

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀wà. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó mi, ó tètè kúrò ní ìsìn. Ó jókòó sórí ẹní níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Àbúrò ń fọ báàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Èmi wà lábẹ́ àtíbàbà mi, mò ń kan gìgísẹ̀ bàtà kan. Ọmọkùnrin náà sì ṣí géètì wọlé. Ó ti wọ sùtánà rẹ̀ padà, fìlà rẹ̀ wà lórí, ojú rẹ̀ mọ́ bíi ti áńgẹ́lì tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ìsàlẹ̀ ni mo wò, èmi ẹni bàtà. Ó gbàgbé kánfáàsì sẹ́sẹ̀.

Bí ẹ kò bá bá àwọn aláṣọ funfun gbé rí, ẹ kò ní mọ ohun tí mò ń sọ. Kí èèyàn má lọ síbi ìsìn, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni. Àdúrà lè wẹ̀ ẹ́ nù. Ṣùgbọ́n kí ó wọ bàtà mọ́ aṣọ yẹn, ìyàwó mi ì bá kúkú rí i kó jókòó lé Bíbélì. Ó sì ti fẹ́ gbójú sókè.

Mo ké. “Ejò! Ejò lẹ́yìn rẹ!”

“Yéè! Jésù Olúwa!” Ìyàwó mi fò, ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀. “Níbo? Níbo ló wà?”

“Ó gba abẹ́ dúrọ́ọ̀mù kọjá. Ó dúdú! Ó ga tó àkàbà!”

“Ejò tó ga?”

“Ó dúró ni.”

“Bàbá, ejò wo ló ń dúró?”

“Àwọn ti Ìgàndó yìí ni. Ṣé o ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti wọ́n?”

Kó tó yí ojú padà, ọmọkùnrin ti bọ́ kúrò nínú bàtà, àbúrò rẹ̀ sì ti gbé báàfù dé kánfáàsì náà mọ́lẹ̀. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò wò mí, ó jókòó lé báàfù lórí bí ẹni tó ń sinmi. Ìyàwó mi wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀yin Bàbá yìí,” ó ní, “irọ́ yín ni yóò pa mí, kì í ṣe ejò.”

Gbogbo wa kúnlẹ̀, a ń ṣa ẹ̀wà. Bí ọmọkùnrin náà bá ṣa mẹ́ta, méjì á já bọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà. Ó jókòó sórí pákó tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé.

“Bàbá, ẹ ṣeun.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí ejò.”

“Àbí ìwọ ò rí i ni?”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lọ́fun rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣí ọ̀fun ọmọ bí ìtàn tí kò kàn án. Mo mú òòlù, mo ń kan bàtà lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀.

“Mo ní oníbàárà kan rí, nígbà tí mo wà lókè lọ́hùn-ún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í fohùn ṣọ̀kan. Ẹsẹ̀ òsì gbàgbọ́, tọ̀tún ò gbàgbọ́. Bí agogo ìsìn bá ti lù, tòsì yóò máa lọ sí ilé àdúrà, tọ̀tún yóò máa lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́. Bàbá náà yóò ya sí méjì láàárín títì bí ẹ̀ka igi, àwọn ènìyàn yóò máa gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sóko. Ó wá bá mi pé kí n rán bàtà tí yóò bá òun parí ìjà.”

“Ẹ wá rán an?”

“Mo rán ti ọ̀tún nìkan. Tòsì ní òun ò wọ bàtà.”

Ó rẹ́rìn-ín wàyí. Lẹ́yìn náà, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ya ilẹ̀.

“Bàbá, níbo ló wá lọ nígbẹ̀yìn?”

Ẹ gbà mí gbọ́, n kì í wá òpin ìtàn tì. Ó máa ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn ṣe wò mí, n kò rí ọ̀kankan. Mo ní, “Mi ò tíì mọ̀. Ó ṣì wà láàárín títì.”

Ìgbà yẹn ló wá tú u sílẹ̀. Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ń bọ̀. Gbogbo ìjọ yóò wọ́de láti ilé àdúrà lọ sí oríta Ìkọ̀tún, olùṣọ́ àgùntàn sì ti ní ọmọ yìí ni yóò gbé àgbélébùú síwájú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù atún-fóònù-ṣe ni wọn yóò gbà, kò sí ọ̀nà mìíràn.

“Tí mo bá gbé e, gbogbo wọn á rí mi. Tí mi ò bá gbé e, Màmá àgbà á kú.”

“Màmá àgbà ò ní kú.”

“Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, Bàbá.”

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ pẹ́ kó tó bí i. Ìyàwó mi ló ń rin ẹsẹ̀ lásán lọ síbi àdúrà nítorí rẹ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dé, ẹ̀yìn ìyàwó mi ló gùn dé pẹpẹ. Láti ìgbà tí olùṣọ́ ti yàn án, obìnrin náà ti ń kọrin lórí ìdáná.

“Kí lo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé o jẹ́?” mo bi í.

Ó sorí kọ́. “Mi ò sọ púpọ̀. Mo kàn ní bàbá mi àgbà ní iléeṣẹ́ bàtà.”

Mo wo àtíbàbà mi: àga kan, òòlù kan, irin kan. “Irọ́ wo ló wà nínú ìyẹn? Èmi ni ọ̀gá, èmi ni òṣìṣẹ́. Ohun tó kù ni ká gba géètì-máànù.”

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. “Bàbá, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì o. Tí mo bá wà níbẹ̀, mo wà níbẹ̀ tọkàntọkàn. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ àwọn gáì mi, mo wà níbẹ̀ tọkàntọkàn náà. Ojú títì tó wà láàárín ni mi ò mọ bí mo ṣe máa rìn ín.”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àbúrò gbé omi mímu wá fún mi. Ó dúró, kò lọ.

“Bàbá, ẹ má bá a wí o.”

“Ta ló fẹ́ bá a wí? Ìwọ ni mo rò pé wàá bá a wí. Ìwọ tí ojú kì í tì.”

Ó fajú ro, bó ṣe máa ń ṣe. “Ta ló sọ pé ojú kì í tì mí? Ojú máa ń tì mí gan-an. Nígbà mìíràn tí mo bá wọ sùtánà, mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ la. Mo kàn máa ń fajú ro ni. Tí mo bá ti fajú ro, kò sẹ́ni tó máa ń rí ìyókù.” Ó gba ife lọ́wọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fajú ro. Ẹ̀rín ló máa ń pọ̀ lójú ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi bo ara ẹ̀, jàre?”

Ó lọ. Mo jókòó pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, n kò kan nǹkan kan. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń pe ọmọ yẹn ní awọ líle.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ìyàwó mi fi sítáàṣì sí sùtánà tuntun títí ó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò jẹun. Ó wọ aṣọ náà, ó dúró kí ìyá rẹ̀ àgbà bá a tò ó lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀: àwọn ọmọ ìka ti ká wọlé, wọ́n di ilẹ̀ mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Wọ́n jáde. Èmi nìkan ló kù nílé, nítorí pé èmi kì í lọ. Mo ti sọ fún ìyàwó mi tipẹ́ pé ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ní kí n bọ́ bàtà, ebi ló fẹ́ fi pa mí.

Mo ṣí àpótí ìyàwó mi. Mo yọ sùtánà rẹ̀ àtijọ́ jáde, mo wọ̀ ọ́. Ó dé agbede ojúgun mi, ó há mi láyà. Mo wá gbé bàtà mi tó dára jù, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, mo fi epo nù ún títí mo fi rí ọjọ́ orí mi nínú rẹ̀. Ti ọ̀tún ni mo wọ̀. Mo fi tòsì sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Ìkọ̀tún. Oníkẹ̀kẹ́ náà wò mí nínú dígí títí a fi dé ibẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

Mo gbọ́ agogo wọn kí n tó rí wọn. Ẹ̀yìn ni orin wà, iwájú ni àgbélébùú wà, lábẹ́ àgbélébùú sì ni ọmọ wa wà, ojú rẹ̀ nílẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò tíì rí i. Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo gba iwájú rẹ̀: kò, pẹ́. Kò, pẹ́. Bàtà á dún, ẹsẹ̀ á dáhùn.

Ìta bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn jókòó sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi láti ẹ̀yìn, “Bàbá! Ẹ̀yin Bàbá! Kí lẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀?” Olùṣọ́ lu agogo kíkankíkan bí ẹni lé ẹyẹ. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè dáadáa kí wọ́n lè rí méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n wò mí, kí ojú wọn kún, kí ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìsí ẹni tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gé e.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò kọjá. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó dúró. Gbogbo ìjọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì, fóònù ló nà sókè. “Gáì! Ìwọ nìyẹn?” Ó tún wò mí. “Ta ni bàbá yìí?”

Mo gbọn orí sí ọmọ náà díẹ̀, pé kó má dáhùn. Ó lè ní òun ò mọ̀ mí, n kò ní bínú. Ohun tí mo torí rẹ̀ wọ aṣọ obìnrin nìyẹn. Ọmọ náà gbé àgbélébùú kúrò ní èjìká kan sí ìkejì.

“Bàbá mi àgbà ni.”

“Èyí tó ní iléeṣẹ́ bàtà? Kí ló dé tí bàtà wọn fi jẹ́ ẹyọ kan?”

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ẹsẹ̀ òsì wọn nìkan ló gbàgbọ́.”

Kì í ṣe ohùn Èkìtì, kì í ṣe ti imú, kì í ṣe ti gáì. Ti inú balùwẹ̀ ni, tó rọra ń lọ, tí ẹ̀rín wà nídìí rẹ̀. Ó gbé e jáde ní oríta Ìkọ̀tún, lójú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àbẹ́là, ó fajú ro bí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n àbẹ́là ọwọ́ rẹ̀ ń mì jìgìjìgì. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, ọmọ náà àti èmi, kò, pẹ́, kò, pẹ́.

Ẹ má rò pé ó yí padà lójijì o. Ó ṣì ń bọ́ sùtánà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní àwọn Ọjọ́rú kan. Ní òmíràn, á wọ̀ ọ́ dé ilé. N kì í béèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkórè yẹn, ìyàwó mi bu omi sínú báàfù, ó gbé e síwájú mi, ó fa ẹsẹ̀ òsì mi wọ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò wá.

“Ejò tó ń dúró,” ìyàwó mi ní, ó ń fi kànìnkànìn họ erùpẹ̀ títì kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. “Ṣé ta lẹ rò pé ó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ yìí? Etí sùtánà àbúrò máa ń dúdú kirikiri. Ti ẹ̀gbọ́n máa ń mọ́ bí ìgbà tí mo fi fún un. Àbí ó ń fò lọ síbi ìsìn ni?”

Ọmọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi ò wo ẹ̀yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì mi jáde, ó nù ún.

“Ẹ gbé ẹ̀kejì wá.”

“Ẹ̀kejì ò dọ̀tí,” mo ní. “Bàtà ló wọ̀.”

“Mo ní ẹ gbé e wá, jàre.”

Mo bọ́ bàtà. Mo gbé e fún un.